Àwòrán pẹ́ńsù mi dáa lórí ìwé, ó dé orí fóònù ó di nǹkan mìíràn

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́. Mo ya ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Pẹ́ńsù lásán ni, orí ìwé A4 ni mo yà á sí, gbogbo ẹni tó rí i ló ń kí mi. Mo wá fẹ́ sọ ọ́ di àwòrán aláwọ̀ lórí fóònù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lálẹ́, mo gbé e sínú ibisPaint, mo tọ gbogbo ìlà rẹ̀ fínnífínní, mo wá kun àwọ̀ sí i. Ohun tó jáde dà bí àwòrán inú ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá náà ò jọ ara rẹ̀ mọ́, ẹja ò jọ ẹja. Ṣé áàpù yìí ni kò dáa ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kí n ra iPad. Òmíràn ní kí n gbé e fún AI, kó bá mi kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

*

Àbúrò, má tíì ra iPad. Owó ẹ ni, o lè rà á bó bá wù ẹ́, àmọ́ má rà á nítorí ìyá ẹlẹ́ja yìí. Bó o ṣe ṣe é yẹn, orí iPad náà ló máa bàjẹ́ sí.

Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ síwájú mi. Àwọn kan ní áàpù ló fà á, kó o yọ ibisPaint kúrò kó o wá Krita tàbí Photoshop. Àwọn kan ní torí pé ìka lo fi ń kùn ún ni, kó o ra pẹ́ẹ̀nì. Àwọn ìkẹta ní kó o máa ṣe é lójoojúmọ́, ọwọ́ ẹ á mọ́ ọn. Àwọn ìkẹta yìí ló bí mi nínú jù. Ọmọ náà ní àwòrán òun dáa lórí ìwé. Ọwọ́ tó ya ìyẹn ti mọ iṣẹ́. Ohun tó yẹ ká bi í ni ohun tó ṣe láàárín ìwé àti fóònù, òun náà sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: ó ya fọ́tò lálẹ́, ó tọ ìlà. Ibi méjèèjì yẹn ni èmi máa bẹ̀rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ò tíì délẹ̀.

*

Fọ́tò ná. Ojú pẹ́ńsù máa ń dán. Fi pẹ́ńsù 6B kun ibì kan dúdú kirikiri, gbé e sábẹ́ gílóòbù, kó o wá yí ìwé náà díẹ̀díẹ̀: wàá rí i tó ń kọ mọ̀nà. Gráfáìtì tó wà nínú pẹ́ńsù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá wá ya fọ́tò lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, tàbí tó o tan fíláàṣì, ibi tó yẹ kó dúdú jù lọ ló máa funfun. Abẹ́ gèlè, abẹ́ àgbọ̀n, inú abọ́ ẹja, gbogbo ibẹ̀ á di àwọ̀ eérú. Àwòrán tó ní jíjìn lórí ìwé á wá tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó kan áàpù rárá.

Àárọ̀ ni kó o yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà. Lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Tó o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó o wá bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, òjìji orí ẹ ni wàá yà mọ́ ọn. Má sún mọ́ ọn jù. Dúró sẹ́yìn díẹ̀ kó o fi zoom fà á wá. Bí fóònù bá sún mọ́ ìwé jù, àárín á yọ síta, etí á sá sẹ́yìn, imú ìyá náà á sì tóbi ju bó o ṣe yà á lọ. Bó ò bá rí èyí, gbé etí ìwé náà wò: bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá gún régé nínú fọ́tò, ojú ìyá náà ò lè gún.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní sikánà dáa ju fóònù lọ, àmọ́ sọ ohun tó o fẹ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tó o bá dákẹ́, wọ́n á sikáànù ẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí: dúdú àti funfun nìkan, PDF. Gbogbo ibi tó o ti fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra ìwé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ á pòórá. Sọ fún wọn pé aláwọ̀ lo fẹ́, 300 dpi (ìyẹn àmì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan), kí wọ́n fi pamọ́ bíi PNG. Ìwé A4 ní 300 dpi á fún ẹ ní pixel, àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, o ò sì ní lè tú u padà.

*

Ẹnì kan ní mo ń fi nǹkan kékeré ṣe ńlá, pé òun máa ń ya fọ́tò níbi tó bá wù òun, òun á kàn fi Levels, irinṣẹ́ inú áàpù tó ń tún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fọ́tò ṣe, tún un ṣe.

Levels kì í mú ohun tí kò sí nínú fọ́tò wá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa funfun ìwé wá sí funfun gidi, ó ń fa dúdú pẹ́ńsù lọ sí dúdú gidi, ohun tó wà láàárín á sì tẹ̀ lé wọn. Bí ìdá kan ìwé náà bá mọ́lẹ̀ tí ìdá kejì ṣókùnkùn, kò sí bó o ṣe fẹ́ fà á tí apá kan ò ní bàjẹ́. Tó o bá fa funfun jù, ìlà pẹ́lẹ́ á lọ. Tó o bá fa dúdú jù, ojú ìwé fúnra rẹ̀ á yọ ìdọ̀tí.

ibisPaint náà máa ń béèrè nígbà tó o bá gbé fọ́tò wọlé bóyá kó yọ ìlà jáde fún ẹ. Kì í ṣe ohun búburú. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣi í lò ni pé wọ́n á fa á títí gbogbo eérú á fi lọ, ìlà dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kù, inú wọn á wá dùn pé ó mọ́. Má jẹ́ kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Fi eérú sílẹ̀. Inú eérú yẹn ni iṣẹ́ wà.

*

Ó kan ìlà títọ̀, ibi tí ìjà wà.

Bàbá kan tó ní òun ti ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù láti ayé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ pé ìlà ni ìpìlẹ̀, pé ẹni tí ìlà rẹ̀ ò mọ́ kò tíì mọ iṣẹ́, kí ọmọ yìí padà lọ tọ ìlà rẹ̀ dáadáa. Ó tó èèyàn mélòó kan tó gbè é lẹ́yìn.

Bàbá, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ yín lẹ fi ń sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni fún iṣẹ́ yín. Lẹ́tà ara bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ́. Àmì ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́. Àwòrán tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sára tí-ṣáàtì ní àwọ̀ kan, ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ìwé àwòrán tí ọmọdé máa kùn fúnra rẹ̀, gbogbo ìyẹn ń fẹ́ ìlà tó dá dúró, tó le, tó sì parí síbi tó yẹ kó parí sí. Fún irú wọn, ẹ tọ̀ ọ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ ní kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí áàpù Inkscape tọ̀ ọ́ fún un, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá ẹlẹ́ja yìí kì í ṣe sáìnbọ́ọ̀dù. Mi ò tíì rí ìwé náà, àmọ́ mo lè búra pé ejìká rẹ̀ lórí ìwé kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo. Á jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, èyí tó ń wá ibi tí ejìká wà àti èyí tó rí i, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ojú ẹni tó ń wò ó ń kó gbogbo wọn pọ̀ ló ṣe ń rí i pé ejìká náà ní ara, pé ó yípo. O wá gbé búrọ́ọ̀ṣì kan tí sísanra rẹ̀ kì í yí padà, o mú ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, o pa àwọn mẹ́ta tó kù. Ìka lo sì fi ṣe é. Ojú fóònù kì í mọ̀ bóyá o tẹ̀ ẹ́ líle tàbí pẹ́lẹ́. Pẹ́ẹ̀nì onírọ́bà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà kì í mọ̀ ọ́n, ìka tó gùn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó ni irú S Pen ti Samsung, Apple Pencil (yàtọ̀ sí oní-USB-C rẹ̀), àti pẹ́ẹ̀nì tó ń bá pátákó Wacom, Huion tàbí XP-Pen wá.

Nítorí náà, èmi ò ní kó o tọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ní kó o má tọ̀ ọ́ rárá.

*

"Tí mi ò bá tọ̀ ọ́, báwo ni màá ṣe kùn ún?" Ẹni tó béèrè padà wá, ó sì béèrè dáadáa.

Fi fọ́tò tó o ti tún ṣe sí léyà òkè (léyà dà bí ìwé tó mọ́ gaara tí wọ́n tò léra wọn nínú áàpù). Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan bí léyà kan ṣe máa dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yan Multiply. Ìṣirò lásán ló wà níbẹ̀. Áàpù náà ka funfun sí 1, ó ka dúdú sí 0, ó wá ń fi òkè lọ́po ìsàlẹ̀. Ohun tó o bá fi 1 lọ́po kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí funfun ìwé fi máa pòórá. Ohun tó o bá fi 0 lọ́po á di 0, ìyẹn ni dúdú ṣe máa dúró. Eérú tó wà láàárín á kàn mú kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn níwọ̀n. Gbogbo ibi tó o ti fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra ìwé á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ẹ, o ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣí léyà mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti kun àwọ̀ ńláńlá: ara, gèlè, ìró, abọ́, ẹja, ilẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ni kó o fi ṣe é, kó yára, má wo etí. Bí ìyẹn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣí léyà kan sókè pátápátá, lórí pẹ́ńsù. Láti ibẹ̀ ni kó o ti máa fi àwọ̀ bo ìlà náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ń lu ara, bo ìlà pátápátá. Ara èèyàn ò ní ìlà lójú ọjọ́. Níbi òjìji, fi í sílẹ̀. Tó o bá ṣe é dé ibì kan, ìdajì pẹ́ńsù á ti lọ, ìdajì á ṣì wà. Ó lè wù ẹ́ kó o dúró síbẹ̀. Èmi máa ń dúró síbẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn tó ń rà á kì í ráhùn.

*

Àwọn tó ń wo fídíò YouTube ti dé. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi eérú nìkan kun gbogbo rẹ̀, dúdú sí funfun, kó tó wá fi àwọ̀ lé e lórí pẹ̀lú léyà Color, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é.

Ọ̀nà gidi ni, àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń kọ́kọ́ fi eérú kun àwòrán ọlọ́dà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ó ń jẹ́ kó o yanjú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji láìtíì dá ara ẹ lágara lórí àwọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé Color kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ tàbí òkùnkùn abẹ́ rẹ̀, irú àwọ̀ nìkan ló ń gbé lé e. Tó o bá wá fi búráùn kan ṣoṣo kun ojú ìyá náà, ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn á jẹ́ búráùn kan náà, ọ̀kan kàn ní èédú nínú ni. Bí àwọ̀ ara ṣe ń kú nìyẹn.

Lọ jókòó sí Olúwo láàárọ̀ kó o wo ojú èèyàn dúdú dáadáa. Ọ̀sà wà níbẹ̀, òfuurufú ṣí. Ibi tó ń dán níwájú orí wọn kì í ṣe búráùn tó mọ́lẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀, ó súnmọ́ búlúù. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yẹ kó ṣókùnkùn, ìró pupa tí wọ́n ró ń ta àwọ̀ sí i láti ìsàlẹ̀, á máa pọ́n. Bí wọ́n bá wà lábẹ́ agboòrùn ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ìpolówó ọjà, gbogbo wọn pátá ni agboòrùn náà ti pa láró: èèyàn, ẹja, owó ọwọ́ wọn. Abẹ́ agboòrùn àwọ̀ ewé, kò sí ẹni tó ní àwọ̀ tirẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìní àwọ̀ púpọ̀, má fi eérú bẹ̀rẹ̀. Fi búráùn tó pọ́n tàbí elésè àlùkò tó ṣókùnkùn kun gbogbo ara náà, kó o wá máa fa ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú rẹ̀. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Yusuf Grillo. Ọmọ Èkó ni, 1934 ni wọ́n bí i, ó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2021 ló kú. Búlúù àti elésè àlùkò ló pọ̀ lára àwọn èèyàn tó yà, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ní èèyàn dúdú kọ́ nìyẹn.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ò ní mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ àti òjìji òun tọ́ bí òun ò bá fi eérú ṣe é: ṣí léyà kan sókè pátápátá, kun ún dúdú, yí i sí Color. Gbogbo àwòrán náà á di eérú lójú ẹsẹ̀. Wò ó, pa léyà náà, máa bá iṣẹ́ lọ.

*

Ẹja ńkọ́? Ó sọ pé ẹja òun ò jọ ẹja, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ẹja wo ni? Ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà kì í gba ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Àrọ̀ ò ní ìpẹ́. Ara rẹ̀ ń yọ̀, ó ṣókùnkùn, tó bá tutù, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn orí lọ sí ìrù, etí rẹ̀ á mú, á sì funfun gan-an. Ìlà kan bẹ́ẹ̀ tó. Tó o bá fi ìmọ́lẹ̀ káàkiri ara rẹ̀, á di rọ́bà. Ikùn rẹ̀ ló funfun díẹ̀, ibẹ̀ ò sì dán tó ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹpìyà ní ìpẹ́, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń pa ara wọn: wọ́n á máa ya ìpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìrù. Kò sẹ́ni tó ń rí gbogbo ìpẹ́ ẹja lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á funfun pọ̀ mọ́ra wọn. Níbi òjìji, wọ́n á dúdú pọ̀ mọ́ra wọn. Ààlà àárín méjèèjì nìkan lojú ti ń rí ìpẹ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ nìkan ni kó o ti yà á, mélòó kan. Ojú èèyàn á parí èyí tó kù fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ojú ẹja tútù yọ síta, ó mọ́, ó ní àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Ojú ẹja tó ti pẹ́ nílẹ̀ á wọnú, á sì fẹ́ẹ́rẹ́ funfun. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mọ ìyàtọ̀ yẹn ju èmi àti ìwọ lọ, wọ́n á sì wí.

*

Ẹnì kan ń kígbe pé fóònù òun ń gbóná, pé áàpù ń pa ara rẹ̀ dé, ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè fi fóònù ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 2480 lọ́nà 3508 jẹ́ pixel bíi mílíọ̀nù 8.7. Pixel kọ̀ọ̀kan ń gba byte 4. Léyà kan ṣoṣo á wá jẹ́ bíi 35 MB nínú mẹ́mórì. Ṣí léyà 20, o ti dé 700 MB, WhatsApp àti Facebook sì wà lẹ́yìn tí wọ́n ń jẹ tiwọn. Sọ ọ́ di A3, léyà kọ̀ọ̀kan á di ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọ iPad náà ń rí i: nínú Procreate, áàpù ìyàwòrán tiwọn, bí ìwé bá ṣe tóbi tó ni iye léyà tó máa gbà ẹ́ láyè ṣe ń dínkù. Pa áàpù yòókù. Da léyà tó o ti parí pọ̀ mọ́ra wọn. Gèlè kan ò nílò léyà méje.

Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù, èyíkéyìí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, Krita wà, kò gba kọ́bọ̀. Pátákó tí kò ní ojú ìwòran, tí wọ́n ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù, sì wà, owó rẹ̀ kò tó ti iPad rárá. Ó máa ń ṣòro níbẹ̀rẹ̀ torí ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ojú wà lókè. Á mọ́ ẹ lára. Kó o sì máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní orúkọ tuntun bó o ṣe ń lọ, torí iná ọba kì í kàn sílẹ̀kùn kó tó lọ.

*

AI. Mo mọ̀ pé a máa dé ibẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. Láti 2023 ni irinṣẹ́ bíi ControlNet ti wà tó lè tẹ̀ lé ìlà tó o yà, tó sì lè kun àwọ̀ bò ó. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ti ní irú rẹ̀ báyìí. Àwọn tó ní ó ń fi àkókò pamọ́ ò purọ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń gbé jáde. Mo ti rí ọ̀kan tó fi ìpẹ́ sára àrọ̀. Mo ti rí gèlè tó di fìlà aṣọ òyìnbó ní ẹ̀yìn. Ìlà tó o yà ló ń tẹ̀ lé, àmọ́ kò mọ ohun tí ìlà náà jẹ́, ó kàn ń fi ohun tó pọ̀ jù nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ dí i. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ ò pọ̀ níbẹ̀. Ojú tó máa fún un á dán, á dọ́gba, á rẹwà, kò sì ní jẹ́ tirẹ̀. Àbúrò ní ìṣòro òun ni pé ìyá náà ò jọ ara rẹ̀ mọ́. Ṣé ohun tó máa túbọ̀ yí ojú rẹ̀ padà la wá fẹ́ fi tọ́jú ìyẹn?

Ẹni tó bá fẹ́ fi wo bí ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ ṣe lè rí lórí àwòrán òun kó tó kùn ún fúnra rẹ̀, mi ò bá a jà.

*

Bàbá wa tó ń kọ bọ́ọ̀dù tún dé, inú ò tíì rọ̀. Ó ní gbogbo èyí, ẹ̀tàn ni, pé ẹni tó ya fọ́tò ìwé tó wá kùn ún lórí gíláàsì kì í ṣe ayàwòrán, ẹ̀rọ ló yà á.

Bàbá, ta ló ya pẹ́ńsù náà?

Ẹ tún wo Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní bàbá iṣẹ́ àwòrán òde òní ní Nàìjíríà. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń dà kọ nígbà tó wà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ara rẹ̀ kó tó lọ kàwé ní London ní 1920. Dídà kọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe ayàwòrán.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé ẹni tí kò lè ya ejìká lórí ìwé kò ní rí i yà lórí gíláàsì. Ọmọ yìí ti yà á ná.

*

Ìbéèrè tuntun: ẹlòmíràn ní wọ́n ti ní kí òun ṣe irú rẹ̀ fún Káyòkáyò, ọdún tí Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé lórí oyè, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ti Èkó wọ ìlú ní 1851. Ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, pẹ́ńsù ló fi yà á, wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fúlẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́rin. Ṣé A4 tí òun sikáànù á tó?

Á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ínṣì 72. Pín pixel 3508 tí A4 ní 300 dpi ní sí 72, wàá rí bíi 49 pixel nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Fún káàdì ọwọ́, ìyẹn ò dáa rárá. Fún ohun tí wọ́n á so sókè tí èèyàn á máa wò láti òdìkejì títì, ojú ò ní mọ̀ ọ́n. Tó o bá fẹ́ kó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sikáànù ẹ̀ ní 600 dpi, o ti ní ìlọ́po méjì. Ohun tí kò ní tó láé ni èyí tí àwọn kan ń ṣe, tí wọ́n á ṣí ìwé 1080 pixel nínú áàpù torí pé ìwọ̀n Instagram nìyẹn, tí wọ́n á wá gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé. 1080 ní 300 dpi ò ju ínṣì 3.6 lọ, àtẹ́lẹwọ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ omi ọ̀sà ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù. Ojú fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe àwọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú ṣe tirẹ̀. Àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe tí yíǹkì ò lè ṣe, búlúù tó ń tàn tó súnmọ́ àwọ̀ ewé sì wà lára wọn. Omi tó ń tàn lójú fóònù ẹ á padà wá bí ẹ̀lúbọ́. Krita lè ṣí ìwé ní CMYK, ìyẹn ètò àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin yẹn, fún ẹ. Ọ̀pọ̀ áàpù fóònù ò lè ṣe é. Bí ti fóònù lo ń lò, dín títàn búlúù náà kù fúnra ẹ, kó o jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn sí i, omi á ṣì tàn.

Kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, ní kí wọ́n tẹ ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan péré fún ẹ nínú àwòrán náà, ibi tí omi àti ara èèyàn ti pàdé, lórí irú fúlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ lò gan-an. Gbé e jáde síta kó o wò ó lójú oòrùn, má wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn kan á ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. San owó ẹsẹ̀ kan yẹn fún wọn, wọ́n á ṣe é.